Òṣùwọ̀n wo la fi ń mọ iyàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yan

Ẹ jẹ́ ká fi iyàn kan bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ rí:

"Ọ̀fìnkìn mú ẹ̀gbọ́n mi. Ó lo oògùn yìí, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ ti yá. Ìwọ náà lọ lò ó."

Ṣé iyàn gidi nìyẹn àbí ọ̀rọ̀ lásán? Bí ẹ bá bi àwọn tó fi ìmọ̀ iyàn jíjà ṣiṣẹ́, ìdáhùn wọn kò ní bára mu. Ọ̀kan á ní kò ṣe déédéé rárá. Ìkejì á ní ó wúlò díẹ̀, àmọ́ kò tó. Ìkẹta á ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ fún òun ná. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ohun tí kálukú wọn ń wọ̀n ló yàtọ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn aṣọ kọ́ la fi ń wọn epo.

Joseph Wenzel, onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ kan ní Amẹ́ríkà, pín in sí mẹ́ta lọ́nà tó yé mi jù. Èèyàn lè wo iyàn bí ohun tó ti parí, tí ìdí àti ìkádìí rẹ̀ wà lórí ìwé. Ó lè wò ó bí ìlànà: ta ló sọ kí ni, ta ló yẹ kó fèsì, ṣé wọ́n ń gba ara wọn láyè? Ó sì lè wò ó bí ọ̀nà tí ẹnìkan ń gbà yí ọkàn ẹlòmíràn padà. Iyàn kan náà lè yege nínú ọ̀kan, kó sì kùnà nínú èkejì.

Mi ò ní fi ibi tí mo dúró sí pamọ́. Fún iyàn ojoojúmọ́, èyí tí à ń jà nínú ilé, níbi iṣẹ́ àti lórí fóònù, mo gbà pé òṣùwọ̀n oníbéèrè mẹ́ta ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Àwọn yòókù ní ìgbà tiwọn, mo sì máa sọ ìgbà náà.

Lọ́jíìkì lọ́wọ́ kan, ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ kejì

Aristotle ará Gíríìsì ló kọ́kọ́ to lọ́jíìkì sílẹ̀ létòlétò, ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni lọ́jíìkì ń bi iyàn: ká ní gbogbo ìdí tí wọ́n kó sílẹ̀ jẹ́ òótọ́, ǹjẹ́ ó ṣì ṣeé ṣe kí ìkádìí jẹ́ irọ́? Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, iyàn náà ṣe déédéé. Bí ó bá ṣeé ṣe, kódà lẹ́ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún, kò ṣe déédéé.

Ẹ gbé iyàn ọ̀fìnkìn wa sórí òṣùwọ̀n yìí. Ẹ̀gbọ́n lo oògùn lóòótọ́, ara rẹ̀ sì yá lóòótọ́, síbẹ̀ oògùn náà lè má ṣe ẹlòmíràn láǹfààní kankan. Iyàn náà wó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èyí náà sórí rẹ̀: "Ojú ọjọ́ ti ṣú, atẹ́gùn ti ń fẹ́ gidi, ẹ jẹ́ ká kó aṣọ wọlé." Òun náà wó, nítorí pé òjò lè ṣú kó má rọ̀. Ṣé àwọn méjèèjì wá burú bákan náà ni? Ẹni tó bá jókòó nítorí pé lọ́jíìkì kò fọwọ́ sí i, aṣọ rẹ̀ á rẹ.

Ẹ tún wá wo òdìkejì rẹ̀: "Oògùn yìí ń ṣiṣẹ́, nítorí pé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni." Lọ́jíìkì gba èyí wọlé láìjanpata. Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, ìkádìí kò lè jẹ́ irọ́, torí pé ohun kan náà ni wọ́n. Òṣùwọ̀n tó bá gba ọ̀rọ̀ tó ń pòyì ká ara rẹ̀ wọlé, tó wá ti ẹni tó ní ká kó aṣọ wọlé síta, kò tíì mọ ohun tó mú iyàn ojoojúmọ́ dára.

Ohun tó gbé àwọn onímọ̀ kan dìde ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Ní 1977, Ralph Johnson àti Anthony Blair, olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Windsor ní Kánádà, gbé ìwé ìkọ́ni kan jáde tí wọ́n ti fi ìbéèrè mẹ́ta rọ́pò ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Trudy Govier, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Kánádà, lo irú òṣùwọ̀n yìí nínú ìwé tirẹ̀ ní 1985. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí:

Ṣé ìdí náà ṣeé gbà?
Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀?
Ṣé ó tó láti gbé ohun tí wọ́n gbé lé e lórí?

Ẹ padà sídìí ọ̀fìnkìn. Ṣé ó ṣeé gbà pé ẹ̀gbọ́n lo oògùn, tí ara rẹ̀ sì yá? Àbúrò rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ló ṣe, kò sí ohun tó yẹ kó mú wa rò pé irọ́ ló ń pa. Ó kọjá. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Bí oògùn kan bá ń ṣiṣẹ́, irú ohun tá a máa retí láti gbọ́ nìyẹn. Ṣé ó tó? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀fìnkìn sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn máa ń yá kíá. Ẹnìkan ṣoṣo tí ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kẹrin kò lè sọ fún wa bóyá oògùn ló wò ó àbí ara rẹ̀ ló wo ara rẹ̀ sàn.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òṣùwọ̀n méjèèjì. Lọ́jíìkì ní "kò ṣe déédéé", ó sì dákẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta tọ́ka sí ojú ibi tó ń dun iyàn náà, ẹ sì ti mọ ohun tó kàn láti béèrè: àwọn mélòó ló ti lò ó? Àwọn tí wọn kò lò ó ńkọ́, ọjọ́ mélòó ni tiwọn gbà? A kò pe àbúrò ní òpùrọ́, a kò pè é ní òmùgọ̀. Ohun tó kù la ní kó lọ mú wá. Ìdí pàtàkì tí mo fi fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí nìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ iyàn ló ń di ìjà nígbà tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dára láìsọ ibi tó kù sí.

Bí ìbéèrè mẹ́ta ṣe ń bá iyàn tó ń pòyì ká ara rẹ̀ lò náà tún yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣiyèméjì pé oògùn ń ṣiṣẹ́, kò lè gba "oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni" gẹ́gẹ́ bí ìdí, nítorí ohun tó ń ṣiyèméjì lé lórí gan-an ni wọ́n tún gbé fún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbéèrè kẹta yẹn, báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó tó?

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, nítorí ibi tí òṣùwọ̀n oníbéèrè mẹ́ta ti rọ̀ jù nìyí. "Ó tó" kò ní nọ́ńbà. Èèyàn méjì lè wo ẹ̀rí kan náà, kí ọ̀kan ní ó ti pọ̀ jù, kí èkejì ní kò tíì dé ìdajì. Àwọn tó ń tako òṣùwọ̀n yìí máa ń tọ́ka sí i, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Ulrike Hahn àti Mike Oaksford, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìrònú èèyàn, gbìyànjú láti fi ìṣirò dí àlàfo yìí ní 2007. Wọ́n ní ká máa wo bí ìdí kan ṣe ń mú kí ohun tí à ń sọ túbọ̀ ṣeé gbà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. "Wọn kò rí ewu kankan nínú oògùn yìí": bí ìdánwò 1 péré ni wọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́, bó bá jẹ́ 50, ó ti wúwo. Bí wọ́n ṣe to gbólóhùn náà kò yí padà rárá, síbẹ̀ agbára rẹ̀ yí padà. Ìyẹn ṣí mi lójú gidi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nínú ilé àti níbi iṣẹ́, a kì í ní nọ́ńbà tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí, kó lò ó. Fún ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó mú ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìkan: kì í ṣe irú iyàn tó jẹ́ nìkan là ń wò, a tún ń wo bí ẹ̀rí inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí mo ń ṣe ní tèmi ni pé mo máa ń béèrè ohun tó máa ṣòfò bí a bá gbà á tó sì já sí irọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti oògùn ọ̀fìnkìn tí kò ní ewu, ẹ̀rí kékeré lè tó. Bí ẹnìkan bá wá ní kí bàbá mi dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dúró nítorí pé ẹ̀gbọ́n ẹnìkan dá tirẹ̀ dúró tí kò sì sí nǹkan kan, irú ẹ̀rí kan náà kò tó mọ́, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìdí kò yí padà. Ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí ló wúwo sí i.

Toulmin: ká rí inú iyàn kí a tó wọ̀n ọ́n

Ní 1958, Stephen Toulmin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ilé ẹjọ́ ló yẹ kí á fi ṣe àwòkọ́ṣe fún iyàn, kì í ṣe ìṣirò. Ó pín iyàn sí apá mẹ́fà: ohun tí à ń sọ, ẹ̀rí tí a ní, afárá tó so ẹ̀rí mọ́ ohun tí à ń sọ, ìtìlẹ́yìn tó gbé afárá náà dúró, ọ̀rọ̀ tó ń fi bí ó ṣe dá wa lójú tó hàn, bíi "ó jọ pé" tàbí "lọ́pọ̀ ìgbà", àti "àyàfi". Àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni Harry, tí wọ́n bí ní Bermuda. Nítorí náà, ó jọ pé ọmọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, torí pé ẹni tí wọ́n bí ní Bermuda sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àyàfi bí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ àjèjì.

Bí a bá gbé e síwájú ìbéèrè mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Toulmin kì í wọn iyàn. Ó ń fi inú rẹ̀ hàn wá. Ẹ máa rí i pé àbúrò wa kò sọ afárá rẹ̀ jáde: "ohun tó bá wo ẹnìkan sàn máa wo ẹlòmíràn sàn." Ohun tí kò sọ yìí gan-an ló yẹ kí á yẹ̀ wò. Mo gba gbogbo ẹni tó bá ń kọ̀wé nímọ̀ràn láti lo Toulmin fún iyàn tirẹ̀, pàápàá láti wá afárá àti "àyàfi" tó fara sin. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, apá mẹ́fà ti wúwo jù, ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ á ti kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó to tán.

Walton, àti àṣà fífún àṣìṣe lórúkọ

Àwọn kan rò pé ẹni tó mọ orúkọ àwọn àṣìṣe iyàn ló mọ iyàn wọ̀n. Aristotle to 13 nínú wọn, àwọn tó tẹ̀ lé e sì fi kún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ máa ń yá lẹ́nu ju àyẹ̀wò lọ. Ẹnìkan ní "dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀", èkejì á kígbe pé àṣìṣe ni láti fi orúkọ ẹni ńlá ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ṣé lóòótọ́? Bí a kò bá ní gba ọ̀rọ̀ dókítà lórí àìsàn, ti ta la máa gbà? Charles Hamblin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ọsirélíà, bẹnu àtẹ́ lu irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1970, ó ní àwọn ìwé ìkọ́ni kàn ń da ohun kan náà kọ láti ọ̀dọ̀ ara wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ọ̀nà tí Douglas Walton, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Kánádà, gbé e gbà ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ó ní iyàn ojoojúmọ́ ní àwọn irú tó ń wáyé léraléra: ká gba ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀, ká fi àmì mọ nǹkan, ká fi ohun kan wé ìkejì, ká tọ́ka sí ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe láti ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìbéèrè tirẹ̀, ẹni tó gbé iyàn wá sì gbọ́dọ̀ lè dáhùn. Nínú ìwé kan ní 2008, òun, Chris Reed àti Fabrizio Macagno kó ọ̀pọ̀ irú bẹ́ẹ̀ jọ pọ̀.

Ká ní wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín pé, "Dókítà kan ní àwọn ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù rárá." Ìbéèrè mẹ́fà ni Walton gbé kalẹ̀ fún irú èyí. Ṣé onímọ̀ ni lóòótọ́? Ṣé ẹ̀ka ìmọ̀ tirẹ̀ ni, àbí dókítà eyín ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé? Kí ló sọ gan-an, àbí ó ní "fún wákàtí púpọ̀" tí ẹni tó ròyìn sì gé e kúrò? Ṣé ó ṣeé fọkàn tán, ṣé kò ní èrè kan níbẹ̀? Ṣé àwọn onímọ̀ yòókù gbà pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ̀rí wo ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé? Nínú irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù, ìbéèrè kẹta ni mo rí pé ó máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, onímọ̀ náà kò sọ ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu.

Ìbéèrè kẹrin náà tún ọ̀rọ̀ kan ṣe tí orúkọ àṣìṣe máa ń bàjẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí a fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ká gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dára, kò sídìí láti bú èèyàn. Ṣùgbọ́n bí àbúrò tó ní ká lo oògùn ọ̀fìnkìn bá jẹ́ ẹni tó ń tà á, ìyẹn kan ọ̀rọ̀ náà gidigidi, nítorí pé ẹnu rẹ̀ nìkan la fi mọ̀ pé ara ẹ̀gbọ́n yá. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìdánwò tí gbogbo èèyàn lè kà ló gbé wá, títà tó ń tà á kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúwo mọ́.

Àwọn ti Amsterdam: nígbà tó jẹ́ pé ìjíròrò gan-an ló ń ṣàìsàn

Ẹ gbọ́ àwọn méjì yìí:

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí n má gba iṣẹ́ yẹn?"

"Ìwọ ni kó o sọ ìdí tó fi yẹ kó o gbà á."

"Owó rẹ̀ dáa, ó sì sún mọ́ ilé."

"Ẹ ò rí i bí, owó nìkan lo mọ̀. Mo ti sọ tèmi, kó o má tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú mi mọ́."

Ìbéèrè mẹ́ta kò rí nǹkan púpọ̀ wọ̀n níbí, torí pé ẹ̀gbọ́n kò tíì gbé ìdí kankan kalẹ̀. Frans van Eemeren àti Rob Grootendorst, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Amsterdam, ló ní òṣùwọ̀n tó bá èyí mu. Lójú tiwọn, iyàn wà láti parí èdèkòyédè lọ́nà tó bá ọgbọ́n mu, ohunkóhun tó bá sì dí ìyẹn lọ́wọ́ ni àṣìṣe. Òfin 10 ni wọ́n là kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ti rú mẹ́ta nínú wọn ní gbólóhùn mélòó kan: òun ló kọ́kọ́ ní kó má gba iṣẹ́, nítorí náà òun ló yẹ kó ṣàlàyé, àmọ́ ó ti ẹrù náà sí àbúrò lọ́rùn, ó yí "owó rẹ̀ dáa, ó sì sún mọ́ ilé" padà di "owó nìkan", ó sì ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ pa. Òfin tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni èyí tó ní kí ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ fà á padà, kí ẹni tó ṣiyèméjì náà sì jọ̀wọ́ iyèméjì rẹ̀ bí wọ́n bá ti dá a lóhùn tán.

Ibi tí òṣùwọ̀n yìí kù sí ni pé ó gbà pé àwọn méjèèjì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú. Níbi tí ọ̀kan bá ti ń wá àṣẹ, tí kì í ṣe ìdáhùn, òfin 10 á fi ibi tó ti ṣẹ̀ hàn yín, kò lè mú un dẹ́kun.

Ṣé ẹni tí iyàn rẹ̀ wọ àwọn èèyàn létí ni iyàn rẹ̀ dára?

Chaïm Perelman àti Lucie Olbrechts-Tyteca, onímọ̀ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 1958 kan náà pẹ̀lú Toulmin, fi olùgbọ́ sí àárín gbùngbùn. Wọn kò sọ pé àtẹ́wọ́ ni òṣùwọ̀n; wọ́n fi olùgbọ́ kan tó ní gbogbo ẹni tó lè ronú jinlẹ̀ nínú kún un, kí á bi ara wa bóyá iyàn wa lè dúró níwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ yan ìdí tí àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ lè bá a gbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan yẹ ní gbígbà, ẹ má fi ọ̀dọ̀ olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn tó gbà á kò sọ bí ìdí rẹ̀ ṣe rí.

Èwo lẹ máa mú?

Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì lo àkókò púpọ̀ lórí ìkẹta. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀, àmì, ìfiwéra tàbí ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni wọ́n gbé iyàn náà lé, ẹ fi ìbéèrè Walton tó bá a mu kún un. Wọn kò tako ara wọn, ìbéèrè Walton kàn ń la "ṣé ó tó" sí wẹ́wẹ́ ni. Toulmin fún ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá ń kọ. Bí ẹ̀yin àti ẹnìkejì bá ti ń yí ojú kan po, ẹ fi ìdí sílẹ̀ ná, ẹ wo òfin Amsterdam. Lọ́jíìkì ní ìgbà tó yẹ ẹ́ dáadáa: nígbà tí ẹnìkan bá lo "dandan", "kò sí bó ṣe lè jẹ́" tàbí "gbogbo wọn pátá". Ẹni tó bá sọ pé ó dájú bẹ́ẹ̀ ti gba òṣùwọ̀n tó le jù fúnra rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ sì fi wọ̀n ọ́n.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi kún èyíkéyìí tí mo bá mú. Ralph Johnson, ọ̀kan nínú àwọn méjì ti Windsor, kọ ní 2000 pé bí iyàn bá ní ìdí àti ìkádìí nìkan, kò tíì parí. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn àtakò tí ẹni tó ń ṣiyèméjì máa gbé wá. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó jẹ́ pé ìdí tirẹ̀ nìkan ló kó sílẹ̀ ń ní ká jẹ́ irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí àbúrò yẹn bá tún padà wá, tó ní, "Mo mọ̀ pé ọ̀fìnkìn máa ń lọ fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe lọ nìyẹn, àmọ́ wọ́n ti fi oògùn yìí wé omi lásán lára àwọn ènìyàn púpọ̀, àwọn tó lo oògùn ló sì kọ́kọ́ yá," màá ní kó fi ìwé ìdánwò náà hàn mí, a ó sì jọ jókòó tì í.